Ìkòkò Ìdérí Ìgò

Omi náà kò tíì hó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ nígbà tí Loredana gbọ́ ìró sálúbàtà ìyá ọkọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ó wo ìkòkò, ó wo aago ara ògiri, ó sì mọ̀ pé ìṣẹ́jú méjì yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti ọdún mọ́kànlélógún tó ti wọ ilé alájà méjì yìí nílùú Lucera, ní Ítálì, kò sí ọjọ́ kan tí Incoronata gun àtẹ̀gùn yẹn tó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn gan-an ló ti ju kọ́kọ́rọ́ òkè sínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ní bí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́. Iná kankan ò ṣẹ́ yọ rí. Kọ́kọ́rọ́ náà ò sì sinmi rí.

Loredana gbá ọmọrí lé ìkòkò, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ta ló ń se nǹkan nínú ooru yìí?" Ohùn Incoronata ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ó kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti ọmọdé lọ. "Àárọ̀ kùtùkùtù, nínú oṣù Kẹjọ! Ṣé o fẹ́ kí ilé yọ́ lé wa lórí ni?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹyin ni mò ń sè."

"Ẹyin. Ó dáa. Ìkòkò mi ni mo ń wá kiri, ìkòkò tí mo fi ń se ìdérí ìgò. Mo ti tú gbogbo abẹ́ àtẹ̀gùn, mo ti bú Donato ọkọ rẹ lásán..." Ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí sítóòfù. "Kí nìyẹn?"

"Ìkòkò ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ìkòkò ni, mi ò fọ́jú. Ìkòkò ta ni? Wo ibi tó tẹ̀ wọnú yẹn. Ọdún tí ilẹ̀ mì tìtì ló jábọ́ látorí pẹpẹ, èmi ni mo gbé e nílẹ̀. Ìkòkò mi nìyẹn, Loredana! Kí ló ń wá lórí iná rẹ?"

Loredana tún wo ìkòkò náà. Kò mọ̀. Oṣù Kẹrin ló wọ abẹ́ àtẹ̀gùn lọ wá ìkòkò àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, ó sì rí èyí lẹ́yìn àwọn àpótí òfìfo, òwú aláǹtakùn bò ó látòkè délẹ̀. Ó rò pé wọ́n ti pa á tì. Kò rántí pé ìkòkò tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, aláǹtakùn á ráyè kọ́lé sí i dáadáa. Ọ̀la sì ni ọjọ́ náà. Àpótí tòmátì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti wà nílẹ̀ àgbàlá, wọ́n ti fọ ìgò tán, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, wọn yóò fi omi híhó pa kòkòrò ara ìdérí, wọn yóò sì se ọbẹ̀ tòmátì tí gbogbo ẹbí yóò jẹ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni Loredana ti ń jókòó ti ìkòkò yìí lọ́jọ́ tòmátì, kò sì wo ojú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ẹfinrin, ewé kan nínú ìgò kan.

"Mo rò pé ẹ ti jù ú nù ni, Màmá."

"Jù ú nù! Ìkòkò tí ìyá mi fún mi!" Incoronata na ọwọ́ sí ọmọrí. Loredana kò jẹ́ kí ó gbé e.

"Á jó yín lọ́wọ́."

"Ọwọ́ mi ò mọ iná mọ́. Ẹyin mélòó lò ń sè?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan. Nínú ìkòkò tó ń gba igba ìdérí." Omi ru sókè, nǹkan inú ìkòkò sì gbá ara ìkòkò: gbì, gbì. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ. "Irú ẹyin wo ló ń dún báyẹn?"

"Ó tóbi ni, Màmá."

Incoronata wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ta ẹja tí ojú rẹ̀ ti dọ̀tí fún. "Kí n tó ti ọjà dé," ó wí, "kí ìkòkò mi ti wà nísàlẹ̀. Kí o sì fi bílíìṣì fọ̀ ọ́." Ó jáde, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, bó ṣe máa ń ṣe.

Loredana lọ pa á dé. Kò mọ iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá mọ́, torí náà ó bẹ̀rẹ̀ kíka ìṣẹ́jú márùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú ń bí i gidigidi.

Ohun tó wà nínú ìkòkò kì í ṣe ẹyin. Nǹkan ìṣeré ìbálòpọ̀ ni, rọ́bà dídán aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí obìnrin ń lò fún ara rẹ̀. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Loredana ní Foggia, wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, wọ́n sì fi ìtànṣán jó ibi tó kù. Jẹjẹrẹ náà lọ. Àmọ́ ojú ara rẹ̀ gbẹ, ó fún, ìbálòpọ̀ sì di ohun tí òun àti Donato ń bẹ̀rẹ̀ tí wọn kì í parí, tí àwọn méjèèjì á sì máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn. Dókítà rẹ̀, obìnrin tí ojú kì í tì, ló sọ ọ́ fún un ní gbangba: "Ẹ ra ọ̀kan. Ẹ máa lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ á pa dé. Ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ń lo ọ̀pá, àbí?"

Ohun tí dókítà ò sọ ni pé yóò dùn. Loredana fúnra rẹ̀ ló ṣàwárí ìyẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ni Donato, wọ́n sì ra ìkejì, oníbátìrì, láìjẹ́ pé dókítà kankan ní kí wọ́n rà á. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, tí gbogbo àdúgbò ti ń wò bí aláìsàn, tí wọ́n ń dín ohùn kù bó bá ń kọjá, ara rẹ̀ tún fún un ní nǹkan. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtọ́jú ló wá di wàhálà. Níbẹ̀rẹ̀, inú bálùwẹ̀ ló ti ń fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ wọ́n wéré wéré, á ṣí omi kó máa dún gooro, á sì ti àwọn méjèèjì sínú ọ̀rá kan náà ní tútù, á ki ọ̀rá bọ inú bàtà òtútù rẹ̀, nítorí Incoronata a máa tún àpótí aṣọ wọn tò láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Rọ́bà méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú bàtà, awọ wọn bó. Wọ́n ra òmíràn. Donato ní òun á ṣèrànwọ́, ó rẹ ọ̀kan sínú bílíìṣì láti àárọ̀ dalẹ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ pé kí wọ́n máa ṣe sí gbogbo nǹkan tó wà láyé. Ó funfun bí egungun, ara rẹ̀ sì rí gbágungbàgun. Wọ́n tún ra òmíràn. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ibà mú Loredana, kòkòrò àrùn ti wọ inú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà ní ilé ìwòsàn. Àwọn ẹbí ọkọ gbé ọsàn wá kí i. Wọ́n ní kí ló ṣe é, ó ní kíndìnrín ni.

Nọ́ọ̀sì kan ló jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Èyí tí kò ní bátìrì, ìṣẹ́jú márùn-ún nínú omi tó ń hó. Èyí tó ní bátìrì kò gbọdọ̀ rí omi híhó, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò lóòórùn ni. Kí wọ́n gbẹ nínú afẹ́fẹ́ lórí aṣọ mímọ́, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Kí oníkálukú ní àpò aṣọ òwú tirẹ̀, kí ìkòkò rẹ̀ náà sì dá wà. "Ṣé ó le?" nọ́ọ̀sì bi í. Kò le rárá. Ibi tí wọ́n ti ń ta awò ojú ni Loredana ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ fún àwọn oníbàárà bí wọ́n á ṣe fọ awò, bí wọ́n á ṣe nù ún, bí wọ́n á ṣe fi í sínú àpò tirẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni.

Ohun tó le ni ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó le ni wákàtí méjì tí nǹkan fi ní láti wà ní gbangba kó tó gbẹ. Níbo nínú ilé yìí ni nǹkan ti lè wà ní gbangba fún wákàtí méjì kí Incoronata má gbé e sókè pé kí lèyí? Bí nǹkan wọ̀nyí ò bá mọ́, àìsàn oṣù Kẹrin á padà, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ara rẹ̀ ò lè gba ẹ̀ẹ̀kejì. Bó bá sì pa wọ́n tì, òun àti Donato á padà sídìí àforíjì tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ ara wọn. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ kò ju ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn kí wọ́n tó wọlé lọ.

Donato gòkè wá mu kọfí, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì ẹ̀rọ tòmátì tó ń tún ṣe.

"Màmá ní o ń se ẹyin nínú ìkòkò òun."

"Kì í ṣe ẹyin."

Donato wo aṣọ funfun tí Loredana tẹ́ sétí fèrèsé, ó rí ohun tó wà lórí rẹ̀. "Yéè! Nínú ìkòkò ìdérí?" Ẹ̀rín ti gbọ̀n ọ́n léjìká kó tó sọ ọ́ tán.

"Má rẹ́rìn-ín. Donato, mo bẹ̀ ọ́, má rẹ́rìn-ín."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Fọ̀ ọ́, kí o gbé e sọ̀kalẹ̀. Omi gbígbóná náà ni wọ́n á fi se ìdérí lọ́la. Ó mọ́ ju ọwọ́ Àǹtí Nunziata lọ."

"Mi ò sọ̀rọ̀ ìkòkò. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni mò ń sọ. O ní wàá bá a sọ ọ́ lẹ́yìn Àjíǹde. Àjíǹde kọjá. O ní kí n kọ́kọ́ ti ilé ìwòsàn dé ná. Mo dé. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti dé!"

"Àgbàlagbà ni, Loredana. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Kan ilẹ̀kùn, Màmá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta."

"Á bi mí pé nítorí kí ni."

"Kó bi ọ́."

Donato wo ìsàlẹ̀ ife rẹ̀. "Lẹ́yìn tòmátì," ó wí. "Jẹ́ ká ṣe tòmátì tán ní ìrọ̀rùn. Lẹ́yìn tòmátì, mo ṣèlérí."

"Lẹ́yìn tòmátì, ólífì. Lẹ́yìn ólífì, Kérésìmesì. Lẹ́yìn Kérésìmesì, ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ máa ń pa. Ìgbà wo lẹ kì í ṣe nǹkan kan nínú ilé yìí?"

Donato gbé kọfí náà mì lẹ́ẹ̀kan, ó fẹnu ko orí ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Díẹ̀ ló kù kí Loredana sọ ife lù ú lẹ́yìn. Ọkùnrin dáadáa ni Donato, gbogbo Lucera ló mọ̀. Ó ń wa ọkọ̀ àjàgbé láti Foggia dé Milan láìkáàárẹ̀, kò sí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà tó lè dẹ́rù bà á. Ìyá rẹ̀ tí kò ga dé èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mú kó pàdánù ohùn. Loredana mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ, ó sì rò pé yóò yí padà, bí gbogbo wa ṣe máa ń rò.

Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọtí kíkan fọ ìkòkò náà lẹ́ẹ̀meje. Kò fi bílíìṣì kàn án. Lẹ́yìn náà ló gbé e sọ̀kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí oòrùn tó le, oníkálukú ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nínú àgbàlá. Incoronata ló ni iná àti àgbá tí wọ́n ń se àwọn ìgò nínú rẹ̀. Donato ló ni ẹ̀rọ tó ń lọ tòmátì, tó ń pariwo bí alùpùpù. Àǹtí Nunziata, àbúrò Incoronata, opó ni, àdúgbò kejì ló ń gbé, ó gbé ọ̀bẹ tirẹ̀ wá láti ilé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ náà lọ. Loredana jókòó ti ẹfinrin. Níwájú rẹ̀, lórí sítóòfù gáàsì kékeré, ìkòkò náà ń hó, igba ìdérí ń jó nínú rẹ̀.

Ó mọ̀ pé ìkòkò náà mọ́. Bóyá kò sí ìkòkò tó mọ́ tó o ní gbogbo Lucera. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìdérí bá dún, ó máa ń gbọ́ gbì, gbì. Ó ro gbogbo oṣù òtútù tó ń bọ̀, ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú, tí òun á máa jẹ mákàrónì lórí irọ́ yìí, tí Incoronata á máa wò ó lójú láti òdìkejì tábìlì. Gbogbo rẹ̀ tojú sú u. Ohun ìtùnú kan ṣoṣo tó ní ni pé lọ́jọ́ tòmátì, Incoronata kì í fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn. Nítorí ìyẹn ló ṣe fọ oníbátìrì láàárọ̀ yẹn, tó sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ létí fèrèsé yàrá láìbo nǹkan kan lé e, fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ewé kan nínú ìgò kan, ọmọ mi," Nunziata wí. "O ti fi mẹ́ta sí ìyẹn."

"Fi í sílẹ̀, orí rẹ̀ ò sí níbí," Incoronata dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹyin ló ń sè nínú ìkòkò ìdérí mi lánàá. Ẹyin kan! Ó di ọmọrí mú bí ẹni pé mo fẹ́ jí i."

"Ẹyin kan?"

"Àtìgbà iṣẹ́ abẹ yẹn ló ti ń ṣe báyìí. Ó ń ti bálùwẹ̀. Ó ń ti àpótí aṣọ. Nínú ilé tí kò sí olè!"

"Màmá," Donato wí láti ìdí ẹ̀rọ.

"Màmá kí ni? Mo purọ́?" Incoronata dìde, ó nu ọwọ́. "Aṣọ ìnuwọ́ ò tó. Ẹ jẹ́ kí n lọ kó àwọn àtijọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín lókè." Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò épírọ́ọ̀nù.

Loredana ò mọ ìgbà tó dìde. Abọ́ ẹfinrin dojú dé, ewé fọ́n ká ilẹ̀. Orí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ló bá ara rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú.

"Ẹ ò ní gòkè, Màmá."

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mà á lọ kó aṣọ wá. Ẹ ò ní gòkè."

"Kúrò lọ́nà, jàre. Nínú ilé ọmọ mi!"

"Ilé tèmi náà ni."

Ní ìdí ẹ̀rọ, Donato rọra mi orí, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó fi mọ bẹ́ẹ̀. Loredana rí i. Bóyá bí kò bá rí i ni, ì bá dákẹ́.

"Kì í ṣe ẹyin ni mò ń sè," ó wí. "Nǹkan kan wà tí dókítà ní kí n máa lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Fún ìsàlẹ̀ mi. Kí èmi àti ọmọ yín lè máa sùn bíi tọkọtaya. Mo ń lò ó, ó sì ń dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà tán. Ó gbọ́dọ̀ hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ ní gbangba. Ọdún mọ́kànlélógún, Màmá, n ò tíì ní ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ilé yìí tí mo mọ̀ dájú pé ilẹ̀kùn ò ní ṣí! Mò ń fi í pamọ́ ní tútù nínú bàtà bí ẹni jalè. Ìyẹn ló gbé mi dé ilé ìwòsàn ní oṣù Kẹrin. Ẹ gbé ọsàn wá, ẹ ní kí ló ṣe mí, mo ní kíndìnrín. Kì í ṣe kíndìnrín! Ìdọ̀tí ni. Ìdọ̀tí, nínú ilé tí wọ́n ń fi bílíìṣì fọ òkúta!"

Ohùn rẹ̀ ya. Ẹ̀rọ ń yí lófìfo, kò sí tòmátì lẹ́nu rẹ̀. Donato ti pupa dé etí.

Àǹtí Nunziata ṣe àmì àgbélébùú sí àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé pẹ̀lú ọmọrí ni, àbí láìsí ọmọrí?"

"Nunziata!" Incoronata pariwo.

"Kí ni? Mo kàn béèrè ni."

Incoronata ò wo ẹnikẹ́ni. Ó lọ sídìí sítóòfù kékeré, ó pa gáàsì, ó fi aṣọ gbé ìkòkò náà, ó sì da igba ìdérí pẹ̀lú omi gbígbóná rẹ̀ sínú gọ́tà àgbàlá. "Donato," ó wí, "lọ wá ìdérí tuntun."

"Màmá, ọjọ́ Àìkú ni, níbo ni mo ti fẹ́..."

"Lọ wá a."

Ilé aládùúgbò ni Donato ti rí i níkẹyìn. Wọ́n bu ọbẹ̀ kún gbogbo ìgò, wọ́n dé e, wọ́n tò ó sínú àgbá, Incoronata ò sì bá Loredana sọ ọ̀rọ̀ kan. Bó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, Nunziata ló ń rán sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà méjì ni wọ́n fi jìnnà síra wọn.

"Ṣé ó di dandan kó jẹ́ níwájú Àǹtí Nunziata?" Donato bi í nígbà tí wọ́n dé òkè. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà.

"Ìwọ lo ní lẹ́yìn tòmátì. Ó bọ́ sí àárín tòmátì."

"Ojú á máa tì mí láti wo Màmá."

"Ojú ti ń ti èmi láti ọdún méjì. Ó kàn ẹ́." Ó wọ bálùwẹ̀, ó sunkún níbẹ̀, inú tó ń bí i ló pọ̀ ju ìbànújẹ́ lọ. Kò ti ilẹ̀kùn. Kò rí ìdí tó fi yẹ kó tì í mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́, ó rí ìkòkò náà ní ìta, wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ìdọ̀tí. Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ. Ó dúró, ó wo ibi tó tẹ̀ wọnú yẹn. Ó ṣe é bíi kó gbé e padà, àmọ́ ó rò ó pé bó bá gbé e, á dà bí ẹni pé òun ń tọrọ nǹkan. Ó kọjá lọ. Nígbà tó dé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti Incoronata pàdé ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ìyá náà yà fún un bí ẹni yà fún àlejò.

Lọ́jọ́rú, Donato ti wà lójú ọ̀nà Milan. Loredana kì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́rú. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ka iná, ìkòkò ńlá tó ń dán, èyí tó fi ń se ẹran àti mákàrónì fún gbogbo ilé lọ́jọ́ Àìkú. Ó bu omi sí i, ó sì fi nǹkan aláwọ̀ búlúù náà sínú rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìbínú ló fi ń ṣe é, kò sì fẹ́ kí ìbínú náà tán.

Omi ti hó fún ìṣẹ́jú méjì nígbà tó gbọ́ sálúbàtà lórí àtẹ̀gùn.

Ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ síbi ọmọrí. Ó fà á padà. Kó wọlé. Kó wá wò ó dáadáa, kó kà á, kó wọ̀n ọ́n bó bá wù ú. Loredana yíjú sí ilẹ̀kùn, ó ká apá mọ́ àyà. Sálúbàtà náà dé orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Ó gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún wínnin nínú àpò. Ó ń retí kó yí.

Kò yí. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, nǹkan gbá ilẹ̀kùn: kó, kó, kó.

Ohun tó ń dún kò kọ́kọ́ yé e. Kò sí ẹni tó máa ń kan ilẹ̀kùn yìí, ẹni tó mú lẹ́tà wá pàápàá, ìsàlẹ̀ ló máa ń fi í sí.

"Ta nìyẹn?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Èmi ni."

Loredana wo aago. "Ẹ dúró, Màmá. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Ó gbọ́ tí àtẹ̀gùn dún kẹ́ẹ́ bí ìyá náà ṣe jókòó lé e, tó sì mí kanlẹ̀. Omi ń hó. Nǹkan inú ìkòkò ń gbá ara ìkòkò, àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ ọ.

"Inú kí lo fi ń sè é?" Incoronata bi í láti ìta.

"Ìkòkò ọbẹ̀."

"Èyí tí mo ń jẹun nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Òun ni."

Loredana gbọ́ tí wọ́n gbé nǹkan onírin kan kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo gbé ìkòkò ìdérí náà wá," ìyá náà wí. "Tìrẹ ni, má ṣe dá a padà fún mi. Mo ti fọ̀ ọ́. Mi ò fi bílíìṣì sí i, Nunziata ní bílíìṣì máa ń ba awọ wọn jẹ́."

Loredana súnmọ́ ilẹ̀kùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. "Màmá, báwo ni Àǹtí Nunziata ṣe mọ ìyẹn?"

"Má bi mí," Incoronata wí. "Èmi náà ò bi í."

Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó dìde, sálúbàtà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ Loredana ti wà lórí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú kan. Ó dúró síbẹ̀ títí ó fi pé, kó tó ṣílẹ̀kùn.